Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ti tún ewé ṣe kó lè máa gba oòrùn sí i? Àlàyé lórí àwọ̀ inú ewé, ẹ̀wà sóyà àti ẹ̀gẹ́

Ìròyìn kan wà tí kì í pẹ́ padà wá sórí íntánẹ́ẹ̀tì: pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà ti tún ewé ṣe, pé ewé tuntun náà ń gba oòrùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àti pé irúgbìn tó bá ní irú ewé bẹ́ẹ̀ ń so ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bó bá ti jáde báyìí, ariwo á sọ. Ẹnì kan á ní ebi ti tán láyé. Ẹlòmíràn á ní GMO, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà, tún dé. Ẹnì kẹta á béèrè pé ṣé ewé tí Ọlọ́run dá kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba oòrùn tẹ́lẹ̀ ni.

Ìwádìí náà wà lóòótọ́. Ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Science ló tẹ ti ewé tábà jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, òun náà ló sì tẹ ti ẹ̀wà sóyà jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2022. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é kò sọ pé ewé náà ń gba oòrùn sí i. Ohun mìíràn ni wọ́n yí padà, orí ohun náà gan-an sì ni àwọn onímọ̀ fúnra wọn ti ń jiyàn. Kó tó lè yé wa, ó di dandan ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ewé.

## Kí ni àwọ̀ inú ewé ń ṣe nígbà tí oòrùn bá kàn án?

Èròjà tó fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀ ni chlorophyll. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé méjì, Pelletier àti Caventou, ló yọ ọ́ sọ́tọ̀ tí wọ́n sì fún un lórúkọ ní nǹkan bí ọdún 1817. Hóró mágínísíọ̀mù kan ló jókòó sí àárín rẹ̀, náítírójìn mẹ́rin sì yí i ká. Ẹ̀jẹ̀ tiwa náà ní irú òrùka bẹ́ẹ̀, àfi pé irin ló wà láàárín tiẹ̀. Oríṣi chlorophyll méjì ló wà nínú ewé àwọn irúgbìn tí à ń gbìn; a àti b ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn ń rí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 400 nánómítà (òdiwọ̀n gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀), ó sì parí sí nǹkan bí 700. Búlúù wà ní apá ìbẹ̀rẹ̀, àwọ̀ ewé wà láàárín, pupa wà ní ìparí. Nígbà tí wọ́n yọ chlorophyll a kúrò nínú ewé tí wọ́n sì wọ̀n ọ́n, wọ́n rí i pé ìmọ́lẹ̀ tó wà ní nǹkan bí 430 àti 662 nánómítà ló ń gbé mì jù. Ti b jẹ́ nǹkan bí 453 àti 642. Búlúù àti pupa nìyẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn carotenoid wà, ìdílé èròjà kan náà tó sọ epo pupa di pupa. Búlúù ni àwọn náà ń gbé, wọ́n sì ń fún chlorophyll ní agbára tí wọ́n bá rí níbẹ̀. Wọ́n tún ní iṣẹ́ kejì, èyí tí gbogbo ìjà yìí dá lé. A ó dé ibẹ̀.

Hóró hóró ni ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, photon sì ni hóró kọ̀ọ̀kan. Bí photon kan bá bà lé chlorophyll tí chlorophyll sì gbé e, electron kan nínú rẹ̀ á fò sókè pẹ̀lú agbára yẹn. Kò lè dúró pẹ́ níbẹ̀. Láàárín ìwọ̀nba nanosecond (ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá), ó ní láti rí ibi tó máa gbé agbára náà sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ṣòfò. Photon búlúù lágbára ju ti pupa lọ, ṣùgbọ́n àlékún yẹn á di ooru kí ojú tó ṣẹ́. Nítorí náà, bí chlorophyll bá ti gbé wọn tán, iṣẹ́ kan náà ni ọ̀kan búlúù àti ọ̀kan pupa jọ ń ṣe.

Lọ́dún 1932, Robert Emerson àti William Arnold tan iná fìrífìrí sí èèhọ̀n inú omi, wọ́n sì ka ọ́síjìn tó jáde. Ohun tí wọ́n rí yani lẹ́nu: nǹkan bí 2,500 chlorophyll ló ń dúró fún ẹyọ ọ́síjìn kan ṣoṣo. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú chlorophyll kì í ṣe iṣẹ́ sísè oúnjẹ ewé fúnra rẹ̀ rárá. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n gbé ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n sì máa tàtaré agbára rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì títí á fi dé ọ̀dọ̀ àwọn chlorophyll díẹ̀ tó wà ní ojúkò iṣẹ́. Ibẹ̀ ni electron ti ń kúrò lára chlorophyll pátápátá, tí omi ti ń pín yà, tí ọ́síjìn tí à ń mí ti ń jáde. Agbára tó ti ibẹ̀ wá ni ewé fi ń sọ káríbọ̀ọ̀nù inú afẹ́fẹ́ di ṣúgà. Kí ẹyọ káríbọ̀ọ̀nù kan tó lè wọlé, photon mẹ́jọ ló kéré jù tí ewé máa ná.

## Ṣé òótọ́ ni pé ewé kì í lo ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé?

Rárá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú sì ti bá wa tàn án kálẹ̀. Wọ́n á ya àwòrán chlorophyll sí wa, a ó rí òkè méjì, ọ̀kan ní búlúù, ọ̀kan ní pupa, àárín á sì ṣófo. A ó wá gbà pé ewé ń da èyí tó wà láàárín nù.

Àwòrán yẹn kì í ṣe ti ewé. Ti chlorophyll tí wọ́n ti fi ọtí tàbí kẹ́míkà mìíràn fà jáde sínú ìgò ni. Nínú ìgò, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé á gbà á kọjá, á sì bá tirẹ̀ lọ. Nínú ewé tó wà lórí igi, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì àti àlàfo afẹ́fẹ́ ló kún ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé á máa ta síhìn-ín, á máa ta sọ́hùn-ún, gbogbo ibi tó bá sì ta dé ni chlorophyll wà. Photon tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ lè má bọ́ lọ́wọ́ ẹni ìkọgọ́rùn-ún. Ewé tó nípọn dáadáa a máa gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó bà lé e. Díẹ̀ tó ta padà ni ojú wa rí.

Lọ́dún 1972, K. J. McCree wọn bí ewé oríṣi irúgbìn 22 ṣe ń lo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Aláwọ̀ ewé kò dé ibi tí pupa dé, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí i rárá. Láti ara iṣẹ́ rẹ̀ ni òdiwọ̀n 400 sí 700 nánómítà, tí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ń lò dòní, ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lọ́dún 2009, Ichiro Terashima àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan tún fi ewé sunflower fi hàn pé bí oòrùn bá ti mú gan-an, àlékún ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé wúlò ju àlékún pupa lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé awẹ́ òkè ewé ti yó fún pupa àti búlúù. Aláwọ̀ ewé nìkan ló ń rìn jìnnà dé ìsàlẹ̀, níbi tí chlorophyll ṣì ń retí iṣẹ́.

Kí ló wá dé tí ewé kò kúkú dúdú kirikiri kó lè gbé gbogbo rẹ̀? Àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan. Ẹgbẹ́ Nathaniel Gabor ní California sọ lọ́dún 2020 pé ewé kò wá bó ṣe máa gbé ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù. Ohun tó wá ni kí agbára tó ń wọlé má máa ga kó tún máa lọ sílẹ̀ lójijì, àwọ̀ méjì tó sún mọ́ ara wọn tí agbára wọn kò sì dọ́gba ló sì ń fún un ní ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn. Shiladitya DasSarma ní Maryland ní èrò mìíràn: ó ṣeé ṣe kí àwọn ẹ̀dá kéékèèké kan tí wọ́n ń lo ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ti gba òkun ayé àtijọ́ kan, kó sì jẹ́ pé ohun tó ṣẹ́kù ni àwọn baba ńlá ewéko rí gbà. Èrò tí wọ́n ṣì ń yẹ̀ wò ni méjèèjì.

## Bí oòrùn bá wá pọ̀ jù ńkọ́?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà sí ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò rò. Ní ọ̀sán gangan, oòrùn kì í wọ́n ewé òkè pátápátá. Ewé sóyà tàbí ìrẹsì tó dojú kọ ojú ọ̀run máa ń yó kí oòrùn tó mú dé góńgó. Chlorophyll kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, ṣe ni á kàn máa gbé photon tó bá bà lé e. Ojúkò iṣẹ́ kò sì lè sáré ju bó ṣe lè sáré lọ.

Agbára tí kò bá ríbi lọ léwu. Bí chlorophyll bá gbé e dání pẹ́, ó lè gbé e fún ọ́síjìn tó wà nítòsí, irú ọ́síjìn bẹ́ẹ̀ á sì di oró tó ń jẹ èròjà inú ewé run. Iṣẹ́ kejì carotenoid dé nìyẹn. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù, inú àpò kékeré tí wọ́n ti ń pín omi yà á kan. Kíkan yẹn ló ń jí èròjà kan tó ń sọ carotenoid tó ń jẹ́ violaxanthin di zeaxanthin. Purotéènì kan tó ń jẹ́ PsbS náà á mọ̀ pé nǹkan ti kan. Àwọn méjèèjì á jọ yí ọ̀nà padà fún agbára tó pọ̀ jù, á sì bá ooru lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Agbòòrùn ewé nìyẹn. Bí oòrùn bá mú, á ṣí i láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú.

Pípa á dé ló ń pẹ́. Ìkùukùu lè bo oòrùn, ewé òkè lè mì kó sì ṣíji bo ti ìsàlẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ sì dínkù lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀ ó lè gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú kí zeaxanthin tó padà di violaxanthin. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ìmọ́lẹ̀ ti di ohun tó ṣọ̀wọ́n, agbòòrùn sì ṣì wà lókè. Agbára tó yẹ kó di ṣúgà ń bá ooru lọ. Nínú oko tí ewé pọ̀ lórí ara wọn, òjìji ń wá, ó ń lọ, látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn tó fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ ní àdánù náà lè tó láti 7.5 dé 30 nínú ọgọ́rùn-ún èso tí irúgbìn ì bá so.

## Kí wá ni wọ́n yí padà gan-an?

Agbòòrùn yẹn ni. Ní Yunifásítì Illinois, lábẹ́ iṣẹ́ ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní RIPE, tí àjọ Bill àti Melinda Gates bẹ̀rẹ̀ sí í fún lówó lọ́dún 2012, Stephen Long, Krishna Niyogi láti Yunifásítì California ní Berkeley, Johannes Kromdijk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú jíìnì (ohun tó ń darí àbùdá ẹ̀dá) mẹ́ta láti ara koríko kékeré kan tó ń jẹ́ Arabidopsis. Ọ̀kan ń yára ṣí agbòòrùn, ọ̀kan ń yára pa á dé, ẹ̀kẹta ni PsbS. Wọ́n fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún ti irúgbìn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn ló di VPZ. Chlorophyll kò pọ̀ sí i, àwọ̀ ewé kò yí padà, ìmọ́lẹ̀ tí ewé ń gbé kò sì lé. Bí ewé ṣe ń tètè padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí òjìji bá dé ni wọ́n tún ṣe.

Tábà ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára, torí ó rọrùn láti fi jíìnì sí. Ìlà mẹ́ta, ìyẹn ìran mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n gbìn sóko fi 14 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sórí sóyà. Lọ́dún 2020, àwọn ìlà kan so ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí tó so jù sì fi 33 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Purotéènì àti òróró inú hóró kò dínkù. Lọ́dún 2021, wọ́n tún gbìn ín. Ojú ọjọ́ burú, irúgbìn dùbúlẹ̀ kó tó tó àsìkò, kò sì sí ìyàtọ̀ gidi láàárín èyí tí wọ́n tún ṣe àti èyí tí wọn kò tún ṣe.

Inú ìwé ìwádìí kan náà ni ọdún méjèèjì wà, wọn kò fi èkejì pamọ́. Ọdún 2020 nìkan ni ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì gbé lọ.

## Kí ló dé tí àwọn onímọ̀ mìíràn kò fi gbà?

Ìdí wọn pọ̀, kò sì yẹ ká pò wọ́n mọ́ ti àwọn tó kórìíra GMO láìka ohun yòówù sí. Àwọn wọ̀nyí kò bẹ̀rù jíìnì. Ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni pé ohun tó ṣiṣẹ́ lára tábà kò ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Lọ́dún 2020, Antoni Garcia-Molina àti Dario Leister ní Munich, Jámánì, fi VPZ sára Arabidopsis, irúgbìn tí wọ́n ti mú jíìnì náà wá gan-an. Ṣe ló rù. Àwọn mìíràn fi sára ọ̀dùnkún òyìnbó, wọ́n sì kéde lọ́dún 2022 pé nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ń ga tó sì ń lọ sílẹ̀, iye ọ̀dùnkún tí wọ́n wú jáde nínú ilẹ̀ dínkù. Ó yẹ kí àwa tí à ń jẹ gbòǹgbò fiyè sí ti ọ̀dùnkún yẹn dáadáa.

Èkejì jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Thomas Sinclair àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ North Carolina kọ̀wé lọ́dún 2019 pé kì í ṣe ewé ló ń dá irúgbìn dúró lóko. Omi ni, náítírójìn sì ni. Hóró tó bá máa gbó nílò purotéènì, náítírójìn ni purotéènì fi ń dúró, bí ilẹ̀ kò bá sì ní in, ṣúgà tó pọ̀ nínú ewé kò lè di oúnjẹ nínú àpò. Ní tiwọn, àwọn tó ń náwó sórí ewé ń tún ibi tí kò bàjẹ́ ṣe.

Long àti àwọn tirẹ̀ kò gbà. Wọ́n ní fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ti ń mú kí irúgbìn kúrú, kí ewé rẹ̀ tẹ́ dáadáa, kí ó sì kó ohun tó bá rí sínú hóró ju sínú igi lọ. Ọ̀nà wọ̀nyẹn ti ń dé òpin. Bí ewé ṣe ń sọ ìmọ́lẹ̀ di oúnjẹ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn tó. Lójú ìṣírò tí Long wà lára àwọn tó ṣe é lọ́dún 2008, irúgbìn bíi sóyà àti ìrẹsì lè sọ tó 4.6 nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn di ara rẹ̀, bíi àgbàdo sì lè dé 6. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lóko kéré sí ìyẹn dáadáa. Wọ́n tún tọ́ka sí àwọn oko tí wọ́n ti fẹ́ káríbọ̀ọ̀nù sí irúgbìn ní gbangba: ewé ṣiṣẹ́ sí i, èso sì pọ̀ sí i. Ní ti náítírójìn, sóyà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí kòkòrò inú gbòǹgbò wọn ń bá wọn wá a láti inú afẹ́fẹ́, èyí tó lè jẹ́ ìdí tí purotéènì rẹ̀ kò fi dínkù.

Ẹ̀kẹta dé lọ́dún 2023, nínú ìwé ìròyìn Nature. Merritt Khaipho-Burch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn tó ń yí jíìnì padà má máa bu iyọ̀ sọ́rọ̀ èso. Wọ́n ní ilẹ̀ tóóró níbì kan ṣoṣo fún ọdún kan kò tó ẹ̀rí. Kí wọ́n gbìn ín sí ọ̀pọ̀ ibi, kí wọ́n fi wé irúgbìn tó dára jù tí àgbẹ̀ ń gbìn lọ́wọ́, kí wọ́n sì wọn èso bí àgbẹ̀ ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rí ńlá tó ti ẹ̀yìn irú ẹ̀bẹ̀ yìí ni ti iléeṣẹ́ irúgbìn kan tó dán jíìnì 1,671 wò lára àgbàdo: bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló yege.

## Ṣé ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà wa wà nínú ẹ̀?

Wọ́n wà níbẹ̀. RIPE ti kéde láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà wà lára irúgbìn tí àwọn fẹ́ tún ṣe, àti pé àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ní Áfíríkà kò ní san owó ẹ̀tọ́ lórí wọn. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù láyé, nítorí náà ìlérí yìí kàn wá tààrà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ní ìṣòro tirẹ̀. Nígbà tí Amanda De Souza, Long àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọn ewé oríṣiríṣi ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 2020 pé nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń ga tó ń lọ sílẹ̀, ohun tó ń dá ewé ẹ̀gẹ́ dúró jù ni àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí káríbọ̀ọ̀nù ń gbà wọlé. Bí oòrùn bá padà dé, ihò yẹn kì í tètè ṣí. Ewé lè pa agbòòrùn rẹ̀ dé bó ṣe wù ú kó yá tó, bí afẹ́fẹ́ kò bá ráyè wọlé, kò sí ohun tó máa sè. De Souza yìí kan náà ló ṣíwájú ìwádìí sóyà ti 2022, nítorí náà kì í ṣe ọ̀tá iṣẹ́ náà ló sọ ọ́.

Ó tún yẹ ká yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀gẹ́ pupa rúsúrúsú tí wọ́n gbé jáde ní Nàìjíríà lọ́dún 2011, iṣẹ́ ọwọ́ ilé-ìwádìí Umudike àti IITA ní Ìbàdàn. Beta-carotene, ọ̀kan nínú àwọn carotenoid tí à ń sọ yìí, ló wà nínú gbòǹgbò rẹ̀, nítorí fítámì A ni wọ́n sì ṣe é. Akọ àti abo ẹ̀gẹ́ ni wọ́n mú pọ̀ títí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe GMO.

## Ṣé ohun kan náà ni èyí àti àgbàdo TELA tí wọ́n ń jà lé lórí?

Rárá. Ẹ̀wà tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ́dún 2019, àti àgbàdo TELA tó dé ọwọ́ àgbẹ̀ lọ́dún 2024, jíìnì láti ara kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ni wọ́n fi sí wọn kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n, kí àgbàdo náà sì tún lè fara da ọ̀dá. Kò kan àwọ̀ ewé rárá. Kò sí irúgbìn VPZ kankan tí wọ́n fọwọ́ sí fún àgbẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí ọ̀kan bá máa dé, àjọ NBMA tó ń bójú tó ààbò irúgbìn GMO, tí òfin ọdún 2015 gbé kalẹ̀, ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn tó ń ta ko GMO, bíi ẹgbẹ́ HOMEF tó ń jà fún àyíká, tí Nnimmo Bassey dá sílẹ̀ ní ìlú Benin, ní ìyẹ̀wò náà kò le tó, àti pé irúgbìn ìbílẹ̀ lè sọnù. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní àgbẹ̀ ń pàdánù lójoojúmọ́, dídúró náà sì ní ohun tó ń náni. Ní ti ẹ̀gẹ́, àríyànjiyàn yìí á gba ọ̀nà mìíràn, torí igi rẹ̀ ni àgbẹ̀ ń gé gbìn. Aládùúgbò á tọrọ ìdì kan, ana á gbé ìdì kan lọ sí abúlé kejì, kò sí ẹni tó ń kọ orúkọ sílẹ̀. Bí VPZ bá wọ inú ẹ̀gẹ́ tó sì ń ṣiṣẹ́, á tàn kálẹ̀ láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá sì wá ṣe bíi ti ọ̀dùnkún òyìnbó, ọ̀nà kan náà ló máa gbà tàn, kò sì ní rọrùn láti kó o jọ padà.